Ìyàwó mi rí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní UK, èmi ni n ó tẹ̀lé e: ṣé wọ́n á jẹ́ kí n ṣiṣẹ́?

Bàbá Ìbejì Takie:

Ẹ̀yin ará wa nílé lóko, ẹ kú ojúmọ́ o. Ogbómọ̀ṣọ́ ni mo wà. Fíríìjì àti ẹ́ásì ni mò ń tún ṣe, ṣọ́ọ̀bù mi ò jìnnà sí Takie, ọdún kọkànlá rèé tí mo ti gba fírídọ́ọ̀mù lọ́wọ́ ọ̀gá mi. Ọmọṣẹ́ mẹ́ta ló wà lọ́dọ̀ mi. Èyí àgbà nínú wọn ò ju oṣù mẹ́rin lọ mọ́ tí yóò fi gba tiẹ̀.

Nọ́ọ̀sì ni màmá àwọn ọmọ. Ó ti tó ọdún méjì tó ti ń bá ìwé ìlú òyìnbó yìí jìjàkadì. Tó bá ti ibi iṣẹ́ alẹ́ dé, á sùn fún wákàtí méjì péré, á tún dìde jókòó sídìí ìwé. Bí iná bá lọ, èmi ni mo máa ń gbé jẹnẹrétọ̀ ṣọ́ọ̀bù wálé kí kọ̀ǹpútà rẹ̀ má baà kú. Ó yege ìdánwò orí kọ̀ǹpútà tí àjọ àwọn nọ́ọ̀sì lọ́hùn-ún ń ṣe fún àwọn ará òkèèrè, ilé ìwòsàn kan fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò lórí fídíò, Ọjọ́ Ẹtì tó kọjá ni lẹ́tà dé pé àwọn gbà á. Mo wà lórí àkàbà, mò ń de ẹ́ásì mọ́ ara ògiri ní ilé oníbàárà kan, nígbà tó pè mí. Ẹkún ló ń sun. Mo kọ́kọ́ rò pé nǹkan ti ṣe ọmọ.

Ìdùnnú yẹn ò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan tí ọ̀rọ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í ta kókó. Ìyá kan tó ń ta ẹja dídì gbé fírísà rẹ̀ wá, ó ní òun gbọ́ pé à ń lọ UK. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní kí n má tan ara mi jẹ, pé wọ́n ti fòfin de ọkọ àti ìyàwó, pé àbúrò òun obìnrin ń ṣe iṣẹ́ kíà, ìyẹn ìtọ́jú àwọn arúgbó, níbẹ̀, ọkọ rẹ̀ ò sì rí físà gbà títí dòní. Ọkùnrin kan tó jókòó tì wá ní rárá, ọkọ lè lọ, àmọ́ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan iṣẹ́ kankan, ilé ni yóò máa jókòó sí. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun tó wà ní Amẹ́ríkà ló sọ fún òun, ojú rẹ̀ ló sì ṣe.

Èyí tó wá gbé mi wá síbí ni ti ẹ̀jẹ́ǹtì kan tí wọ́n mú mi mọ̀. Ó ní físà tí wọ́n ń fún ọkọ nọ́ọ̀sì jẹ́ físà ìrìn àjò lásán, pé ó ku ìwé àṣẹ iṣẹ́ tí a ó gbà lọ́tọ̀, pé òun lè bá mi gbà á ní ₦450,000, kí n sì san án kí oṣù yìí tó parí torí àyè ò ní í pẹ́ tán. Ó fi ìwé kan hàn mí tí òǹtẹ̀ wà lórí rẹ̀. Mo ti fún un ní fọ́tò àti ẹ̀dà páásípọ́ọ̀tù mi. Oṣù yìí ni èsúsú kàn mí, owó náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ohun tó ń béèrè. Màmá ìbejì ní kí n má san kọ́bọ̀, kí n béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ti rìn ín ná.

Ẹ jọ̀ọ́, mi ò bẹ̀rù iṣẹ́. Bó jẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n ní kí n máa gbá, n ó gbá a. Ohun tí mi ò lè fara dà ni kí obìnrin máa ti iṣẹ́ òru bọ̀, kó bá mi lórí àga níbi tó fi mí sí, kí n máa nawọ́ sí i fún owó búrẹ́dì. Ọdún mẹ́sàn-án la ti jọ ń gbé e. Nígbà tó wà nílé ẹ̀kọ́, owó gáàsì tí mo ń yí sínú fíríìjì èèyàn la fi san owó ilé rẹ̀. Mi ò fẹ́ kí ọwọ́ mi dá.

Ẹ bá mi dá a lóhùn: ṣé òótọ́ ni pé ìwé àṣẹ iṣẹ́ wà lọ́tọ̀? Ṣé wọ́n á jẹ́ kí n ṣe iṣẹ́ ọwọ́ mi, àbí iṣẹ́ kan pàtó ni wọ́n ń fún àwọn dependant, àwa tí a tẹ̀lé ẹnì kan lọ? Ká tún sọ ti àwọn irinṣẹ́ mi, ṣé kí n tà wọ́n ni? Ẹnì kan ti ń dá owó lé wọn.

Ìyá Fèyí, Leeds:

Ẹ kú oríire o, Bàbá Ìbejì. Ẹ bá mi kí màmá ìbejì gidigidi, iṣẹ́ ńlá ló ṣe. Ọmọ Ogbómọ̀ṣọ́ lèmi náà, apá Ìsàlẹ̀ Àfọ̀n ni wọ́n bí mi sí.

Ẹ má fún ọkùnrin yẹn ní kọ́bọ̀. Kò sí ìwé tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Àṣẹ iṣẹ́ yín wà nínú físà fúnra rẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n bá fún yín ní físà dependant lórí físà Health and Care Worker (físà àwọn òṣìṣẹ́ ìlera) ti ìyàwó yín ni wọ́n ti fún yín láṣẹ láti ṣiṣẹ́, wákàtí tó bá wù yín, lọ́dọ̀ ẹni tó bá wù yín, ẹ sì lè dá tiyín sílẹ̀. Ohun kan tí òfin yọ sílẹ̀ ni kéèyàn máa fi eré ìdárayá ṣiṣẹ́ ṣe, bíi agbábọ́ọ̀lù tó ń gbowó tàbí kóòṣì. Ẹ ò ní í bẹ ọ̀gá kankan kó ṣe ìwé fún yín. Ìyàwó yín ló ń rù ú, ilé ìwòsàn tó gbà á ni wọ́n so físà rẹ̀ mọ́. Tiyín ò so mọ́ ilé iṣẹ́ kankan, ìyàwó yín ni wọ́n so ó mọ́. Nínú ọ̀rọ̀ iṣẹ́ nìkan, okùn ẹ̀yin dependant gùn ju ti ẹni tó mú yín wá lọ.

Ìyá ẹlẹ́ja yẹn ò purọ́, àmọ́ ọ̀rọ̀ ẹlòmíì ló ń sọ. Láti 11 March 2024 ni àwọn oníṣẹ́ kíà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gba físà ò ti lè mú ọkọ tàbí ọmọ wá mọ́. Láti 22 July 2025, wọn ò tilẹ̀ gba oníṣẹ́ kíà láti òkèèrè mọ́. Nọ́ọ̀sì kì í ṣe kíà. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì wà nípele tí òfin ń pè ní ti ilé ẹ̀kọ́ gíga, àwọn yẹn ṣì ń mú ìdílé wá. Ibi tí gbogbo ilé ti ń dàrú mọ́ra wọn lọ́wọ́ nìyẹn, torí ilé ìwòsàn àti ilé arúgbó jọra lójú ẹni tó wà nílé.

Èmi, 2022 ni mo dé, lábẹ́ ọkọ mi tó wá kàwé máàsítàsì. Nígbà yẹn ọ̀nà ṣí. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ń bọ̀ láti 1 January 2024 ò lè mú ẹnikẹ́ni wá bí ìwé tó ń kà kì í bá ṣe ti ìwádìí, bíi PhD, tàbí kí ìjọba fúnra rẹ̀ ló ń san owó ẹ̀kọ́ náà. Ẹ gbọ́ bó ṣe rí nílé wa: ọkọ mi tó jẹ́ ẹni tí wọ́n fún ní físà gan-an, wákàtí 20 lọ́sẹ̀ ni wọ́n gbà á láyè nígbà tí ilé ìwé ń lọ. Èmi tí mo tẹ̀lé e, kò sí ẹni tó dá wákàtí fún mi. Èmi ni mo ń ṣe òru mẹ́ta, mẹ́rin lọ́sẹ̀ nílé arúgbó. Èmi ni mo san owó ilé fún oṣù mẹ́jọ gbáko. Ó máa ń ti ibi ìkàwé dé, á ti se ìrẹsì sílẹ̀ kí n tó jí. Kò sí ẹni tó yẹ̀yẹ́ rẹ̀ nínú wa méjèèjì. Mò ń sọ èyí torí ọ̀rọ̀ àga tí ẹ sọ yẹn, ó dùn mí.

Ohun tí ọ̀gá ibi iṣẹ́ máa béèrè ni share code. Káàdì tí wọ́n ń fún wa tẹ́lẹ̀ ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní ìparí ọdún 2024, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni gbogbo ẹ̀ wà báyìí, eVisa ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ ó wọlé sí àkáǹtì yín, ẹ ó tẹ̀ ẹ́ pé iṣẹ́ lẹ fẹ́ fi hàn, á fún yín ní kóòdù kan tí W bẹ̀rẹ̀, ó ń lo ọjọ́ 90. Ọ̀gá á tẹ kóòdù yẹn pẹ̀lú ọjọ́ ìbí yín, á rí fọ́tò yín, á rí i kedere pé ẹ láṣẹ iṣẹ́. Ọ̀fẹ́ ni. Kò sí òǹtẹ̀ ẹ̀jẹ́ǹtì kankan tó lè wọ ibẹ̀.

Nọ́ńbà National Insurance tí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń ní náà, ọ̀fẹ́ ni, ẹ sì lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kó tó jáde. Wọ́n dá èmi dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì nítorí ẹ̀, nígbà tó yá ni mo mọ̀ pé kò yẹ kí wọ́n dá mi dúró.

Ọmọ Àkẹ̀sán:

Bàbá Ìbejì, ẹ kú ìpalẹ̀mọ́. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni mí. Ọkùnrin tó ní ọkọ ò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ yẹn, òótọ́ pọ́ńbélé ló sọ, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ibòmíì ló ń sọ ni. Irú mi ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Fisíìsì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ nílé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ọ̀yọ́, ọdún mẹ́jọ ni mo fi ṣe é. Ìyàwó mi rí PhD ní Amẹ́ríkà, wọ́n ń san owó oṣù díẹ̀ fún un. F-1, ti akẹ́kọ̀ọ́, ni físà rẹ̀; F-2, ti ẹni tó tẹ̀lé akẹ́kọ̀ọ́, ni tèmi. Mo kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, mo ta ọ̀kadà mi, mo ní bí mo bá débẹ̀ n ó wá nǹkan ṣe. Kò sí ẹni tó sọ fún mi pé F-2 ò gbọdọ̀ gba owó iṣẹ́ rárá. Kì í ṣe pé ó ṣòro. Òfin ò fi àyè kankan sílẹ̀ ni, kò sí fọ́ọ̀mù téèyàn lè kọ láti tọrọ ẹ̀. Mo kà á nínú ìwé àlàyé kan nílé ìwé ìyàwó mi, ọ̀sẹ̀ kejì tí a dé. Mo tún un kà. Mo gbé e fún ìyàwó mi pé kó bá mi kà á bóyá ojú mi ló ń ṣe mí.

Ọdún mẹ́ta ni mo fi wà bẹ́ẹ̀. Nígbà òtútù, tí ó bá ti jáde láago méje, èmi àti fèrèsé ló kù. Ọkùnrin ará wa kan tó ní ilé oúnjẹ ní kí n máa wá fọ abọ́ lálẹ́, òun á máa fún mi lówó lọ́wọ́, kò ní í kọ ọ́ síbì kankan. Ọkàn mi fà sí i, mi ò ní purọ́. Mi ò lọ, torí bí wọ́n bá mú èèyàn pẹ́nrẹ́n, físà tiẹ̀ ti bà jẹ́, ó sì lè ṣòro kó tó rí òmíràn gbà láéláé. Ohun tí òfin gbà láyè ni kí n kàwé, tí kò bá ti pé iye tí akẹ́kọ̀ọ́ gidi ń kà. Mo sì ń lọ kọ́ àwọn ọmọdé ní ìṣirò nílé ìkàwé àdúgbò láìgba owó. Àwọn ọmọ yẹn ni kò jẹ́ kí orí mi dàrú. Ìgbà tó yá, èmi náà gba àǹfààní sílé ìwé, mo pààrọ̀ sí F-1, mo wá lè ṣiṣẹ́ wákàtí 20 nínú ọgbà ilé ìwé. Owó oṣù àkọ́kọ́ yẹn, mo fi apá kan ránṣẹ́ sí ìyá mi ní Ọ̀yọ́. Kò tó nǹkan.

Ní ilẹ̀ kan náà yìí, aládùúgbò wa tó jẹ́ J-2 (físà ẹni tó tẹ̀lé àlejò ètò pàṣípààrọ̀) kọ fọ́ọ̀mù, wọ́n fún un ní káàdì iṣẹ́. Ẹnì kan tó jẹ́ L-2, tó tẹ̀lé ẹni tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ gbé lọ síbẹ̀, láti òpin 2021 ni òfin ti jẹ́ kó lè ṣiṣẹ́ láìtọrọ káàdì. H-4, ti àwọn tó tẹ̀lé òṣìṣẹ́ H-1B, ní tiẹ̀, láti 2015 ni wọ́n ti ń fún àwọn kan nínú wọn láṣẹ, ìgbà tí ọ̀rọ̀ green card (ìwé ìgbé ayérayé) ẹni tó mú wọn wá bá ti dé ibì kan. Lẹ́tà kan ṣoṣo àti nọ́ńbà kan ló yà wá sọ́tọ̀, ilé kan náà la sì ń gbé.

Nítorí náà tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé dependant ń ṣiṣẹ́ tàbí kì í ṣiṣẹ́, ẹ bi í pé ní ilẹ̀ wo, lábẹ́ ta ni. Inú mi dùn pé ẹ ń béèrè kí ẹ tó ta irinṣẹ́.

Bàbá Ìbejì Takie:

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, mo dọ̀bálẹ̀. Ìyá Fèyí, mo ka tiyín sí màmá ìbejì létí, ó ní kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ yín, ó ní ibi ìrẹsì yẹn kí n tún un kà. Ọ̀gá mi ará Ọ̀yọ́, ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí iṣẹ́ tún wọ́n yín.

Ó ku ti iṣẹ́ ọwọ́ mi. Ṣé wọ́n á gbà pé mo mọ ẹ́ásì ṣe? Mi ò ní ìwé ẹ̀rí ju èyí tí ọ̀gá mi fún mi lọ́jọ́ fírídọ́ọ̀mù, tí ẹgbẹ́ wa fọwọ́ sí. Ó wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù.

Ẹlẹ́ásì Birmingham:

Bàbá Ìbejì, iṣẹ́ kan náà la jọ ń ṣe, Ìbàdàn ni mo ti kọ́ tèmi. Ìyàwó mi náà ló mú mi wá, nọ́ọ̀sì ni.

Àṣẹ iṣẹ́ ti físà fún yín, bí Ìyá Fèyí ṣe sọ. Ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ ni tiyín kù, ọ̀tọ̀ nìyẹn. Níbí, ẹni tí kò bá ní ìwé ẹ̀rí F-gas, ti àwọn gáàsì tó ń mú nǹkan tutù, kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan gáàsì ẹ́ásì tàbí ti fíríìjì ńlá, bó ti wù kó mọ̀ ọ́n ṣe tó. Èyí tí ọ̀pọ̀ wa ṣe ni ti City & Guilds, àjọ kan tó ń fúnni ní ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ ọwọ́, 2079 ni nọ́ńbà rẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀kọ́ ọlọ́dún gbọọrọ. Ọjọ́ díẹ̀ ni, wọ́n á kọ́ yín, wọ́n á dán yín wò lórí ìwé, wọ́n á tún ní kí ẹ ṣe é lójú wọn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó fa ìdánwò náà fún yín, torí èmi kọ́kọ́ bínú sí i. Nílé, tí a bá fẹ́ ṣí ẹ́ásì, a máa ń tú nọ́ọ̀tì ni, gáàsì á máa hó jáde ṣìì sínú afẹ́fẹ́, a ó dúró kó tán. Èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọdún mẹ́rìnlá. Níbí, ẹ̀ṣẹ̀ sí òfin nìyẹn. Ẹ gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rọ fa gáàsì yẹn sínú sìlíńdà, ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ kọ iye rẹ̀ sílẹ̀. Gáàsì R22 tí a ṣì ń rí nínú ẹ́ásì àtijọ́ nílé, wọn ò gbọdọ̀ yí i sínú ẹ̀rọ kankan níbí mọ́ láti 2015, ì báà jẹ́ èyí tí wọ́n tún sẹ́. R32 lẹ ó máa rí nínú ẹ́ásì tuntun, R600a nínú fíríìjì ilé, èyí tó lè gbiná, nítorí náà ẹ má ṣe gbé iná jó páìpù rẹ̀ bí a ṣe máa ń jó o. Ọjọ́ tí olùkọ́ ń ṣàlàyé bí gáàsì yẹn ṣe ń ṣe ojú ọ̀run, mo rántí gbogbo òrùlé tí mo ti tú u sí.

Iṣẹ́ wà. Kẹ́ ẹ tó rí ìwé yẹn gbà, ẹ lè tẹ̀lé ẹlẹ́ásì kan gẹ́gẹ́ bí olùrànlọ́wọ́, ẹ máa de bíráákẹ́ẹ̀tì, ẹ máa gbẹ́ ògiri, ẹ máa fa wáyà. Níbi tí wọ́n bá ti ń kọ́lé, wọ́n sábà máa ń béèrè káàdì CSCS kí wọ́n tó jẹ́ kéèyàn wọlé, ìdánwò ààbò kékeré kan ló wà fún un. Ẹ gba láísẹ́ǹsì ọkọ̀ yín kí ẹ tó kúrò nílé, tí ẹ kò bá tíì ní in, torí ti Nàìjíríà ṣiṣẹ́ níbí fún oṣù 12 lẹ́yìn tí ẹ bá dé, iṣẹ́ wa sì ń fẹ́ ẹni tó lè wakọ̀. Lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ máa dá ṣe tiyín, tí owó tó wọlé bá ti ju £1,000 lọ lọ́dún, ẹ forúkọ sílẹ̀ fún àwọn olówó orí.

Irinṣẹ́, ẹ má kó o wá, ó wúwo, ẹ ó sì nílò gééjì àti ẹ̀rọ ìfagáàsì tó bá gáàsì ibí mu. Àmọ́ ẹ má tà á fún ẹni tó ń dá owó lé e nítorí pé ó gbọ́ pé ẹ ń lọ. Owó ẹni tó ń kánjú lọ ló fẹ́ san.

Kọ̀ǹpútà Under-G:

Ẹ kú o. Ẹ̀gbẹ́ LAUTECH ni mo wà, ìwé físà la máa ń bá èèyàn kọ, nítorí náà mo mọ ibi tí wọ́n ti ń lu àwọn èèyàn wa.

Bí ẹ̀jẹ́ǹtì yẹn bá rí i pé ìwé àṣẹ iṣẹ́ ò bọ́ sí i, yóò padà wá pẹ̀lú owó ìlera. Òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gba físà òṣìṣẹ́ ń san £1,035 fún àgbàlagbà lọ́dún kọ̀ọ̀kan, owó ọdún gbogbo lẹ́ẹ̀kan náà. Ti Health and Care Worker ò sí níbẹ̀. Wọ́n dá wọn sí, àtọkọ, àtìyàwó, àtọmọ wọn. Ọkùnrin kan wá bá mi lọ́dún tó kọjá tó ti san án fún ẹnì kan fún odindi ọdún mẹ́ta. Owó náà ò dé ọ̀dọ̀ ìjọba kankan.

Owó tí wọ́n fẹ́ rí ní báńkì nìyí, ẹ bá mi kà á: £1,270 fún màmá ìbejì, £285 fún yín, £315 fún Táyé, £200 fún Kẹ́hìndé. £2,070 ni àpapọ̀ rẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ dúró síbẹ̀ fún ọjọ́ 28 gbáko láìdín. Bí ilé ìwòsàn bá ti kọ ọ́ sínú Certificate of Sponsorship, ìwé onígbọ̀wọ́ tí wọ́n ń ṣe fún òṣìṣẹ́, pé àwọn á gbọ́ bùkátà yín fún oṣù àkọ́kọ́, ẹ ò ní í fi owó kankan hàn. Kí màmá ìbejì béèrè lọ́wọ́ wọn bóyá ó kan ẹ̀yin náà, torí nígbà mìíràn òun nìkan ni wọ́n máa ń kọ.

Ìwé ìgbéyàwó yín ńkọ́? Bó bá jẹ́ ti ìdílé nìkan lẹ ṣe, ẹ tètè wá ìwé tó fìdí rẹ̀ múlẹ̀, ẹ má dúró dìgbà tí ọjọ́ bá sún mọ́. Ìwé ìbí ìbejì láti ọ̀dọ̀ àjọ ìkànìyàn. Ìdánwò ikọ́ ẹ̀gbẹ, Èkó tàbí Àbújá, ní ibi tí wọ́n fọwọ́ sí nìkan, oṣù 6 ni ìwé rẹ̀ ń lò. Tí ẹ bá sì ń rò ó pé kí ìbejì kọ́kọ́ bá ìyá wọn lọ kẹ́yin máa bọ̀ lẹ́yìn, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ láìbéèrè. Òfin wọn fẹ́ kí òbí méjèèjì wà níbẹ̀ tàbí kí wọ́n jọ máa bọ̀, àfi bí ó bá jẹ́ pé òbí kan ló ń dá tọ́ ọmọ.

Àǹtí Winnipeg:

Kí ẹlòmíì tó ń kà á má baà ṣi ti Canada mú: níbí, àwa tí a tẹ̀lé ẹnì kan wá máa ń tọrọ ìwé àṣẹ iṣẹ́ lóòótọ́, open work permit ni, ìyẹn èyí tí kò so èèyàn mọ́ ọ̀gá kan ṣoṣo. Láti 21 January 2025 wọ́n ti sé e mọ́. Ọkọ tàbí aya akẹ́kọ̀ọ́ máàsítàsì tó tó oṣù 16 sókè, ti PhD, àti ti àwọn ẹ̀kọ́ iṣẹ́ kan bíi ìṣègùn ló lè rí i gbà. Ti òṣìṣẹ́ sinmi lórí irú iṣẹ́ tí ẹni náà ń ṣe. Ìjọba lẹ ó tọrọ ẹ̀ lọ́wọ́ wọn, orí íntánẹ́ẹ̀tì, kì í ṣe lọ́wọ́ ẹni tó ní òǹtẹ̀.

Bàbá Ìbejì, ohun kan tí wọn ò tíì sọ fún yín: ọjọ́ tí físà ìyàwó yín bá parí ni tiyín náà parí. Bí iṣẹ́ rẹ̀ bá bọ́, ìjọba UK sábà máa ń fún un ní ọjọ́ 60 láti rí òmíràn, ẹ̀yin náà wà lábẹ́ ẹ̀. Ẹ jọ sọ ọ́ nílé kẹ́ ẹ tó wọ ọkọ̀ òfuurufú. Ẹ̀gbọ́n mi ò sọ ọ́.

Bàbá Ìbejì Takie:

Mo padà dé. Mo lọ bá ẹ̀jẹ́ǹtì lánàá, mo ní kó dá fọ́tò àti ẹ̀dà páásípọ́ọ̀tù mi padà. Ó ní èmi ni mo máa pàdánù. Mo bi í pé kí ni lẹ́tà tó máa ń bẹ̀rẹ̀ share code ti iṣẹ́. Kò mọ̀ ọ́n. Ó dá wọn padà.

Owó èsúsú ti wà ní báńkì, lára owó ọjọ́ 28 ni. Màmá ìbejì ti kọ̀wé sí ilé ìwòsàn náà lórí ti oṣù àkọ́kọ́, wọ́n ní àwọn á fèsì. Ìwé ìgbéyàwó wà, ṣọ́ọ̀ṣì la ti ṣe é. A jókòó lórí ọ̀rọ̀ ọjọ́ 60 yẹn lálẹ́ àná, Àǹtí, ẹ ṣeun. A ti fẹnu kò pé a ò ní í ta ilé tí a ń kọ́ lọ́wọ́, bó ti wù kó rí. Fèrèsé àti ilẹ̀kùn ló kù un.

Irinṣẹ́, mi ò tà á. Ọmọṣẹ́ mi àgbà ni n ó fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ fún lọ́jọ́ tó bá gba fírídọ́ọ̀mù, kó máa lò wọ́n, kó máa fi nǹkan ránṣẹ́ sí ìyá mi lóṣooṣù. Mo sọ fún un ní ìrọ̀lẹ́ àná, kò lè fọhùn. Ó lọ gbá ṣọ́ọ̀bù tí àwọn ìyókù ti gbá tẹ́lẹ̀.

Ẹlẹ́ásì Birmingham, láti àárọ̀ yìí mi ò tú gáàsì sáfẹ́fẹ́ mọ́. Mo ní sìlíńdà kan tó ṣófo, mo ní kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ àtijọ́, mo ń gbìyànjú bí n ó ṣe máa fi fà á. Ṣé ìwé kan wà tí mo lè máa kà kí n tó dé?

Ẹlẹ́ásì Birmingham:

Ó wà. Ìwé tí mo fi kàwé ṣì wà lọ́wọ́ mi, mo ti fi pẹ́ńsù fa ìlà sí ibi tí wọ́n ti ń béèrè jù. N ó ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí yín lábala lábala láti ọ̀la. Ẹ má tíì fi kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ àtijọ́ yẹn fa gáàsì títí ẹ ó fi ka orí kẹta, sìlíńdà lásán lè bú. Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ó ní ibi tí wọ́n kọ ìwọ̀n tó lè gbà sí lára.